Ilé Wo Ni Wọ́n Lọ?

Télọ̀ ni àbúrò mi ọkùnrin, kò sì sí ohun tó ń mú un bínú tó okùn bàtà. Ó ní ẹni tó bá ṣì ń fi okùn so bàtà ti gbà pé ayé máa dúró de òun. Nígbà tí ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó bẹ̀rẹ̀ eré ìje kan tí wọ́n pín sí mẹ́ta: wọ́n á kọ́kọ́ lúwẹ̀ẹ́, wọ́n á jáde nínú omi lọ gun kẹ̀kẹ́, wọ́n á fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, wọ́n á wá fẹsẹ̀ sáré. Ohun tí bàbá rẹ̀ kọ́kọ́ bi í ni pé, ta ló ń bá wọn so bàtà tí wọ́n bá jáde nínú omi. Ọmọ ní àwọn fúnra àwọn ni. Bàbá ní ìyẹn ló ń pa wọ́n lára. Ó tú okùn bàtà eré ọmọ náà dànù, ó mú ìlásítíìkì dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń fi sí ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì, ó fà á gba inú ihò bàtà náà, ó sì rán ìdí rẹ̀ pọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ọwọ́ ṣe ń wọ àpò ni ẹsẹ̀ ọmọ náà ń wọ bàtà.

Yàrá ìránṣọ rẹ̀ wà níwájú ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Bí iṣẹ́ bá dẹwọ́, á gbé àga sáàárín yàrá, á da omi sí ọmọ náà lẹ́sẹ̀ kó lè dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lódò, á fi tépù kọ́ ọrùn, á gbójú sókè sí aago ara ògiri, á ní, "Ó yá." Ọmọ á jókòó, á ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ bàtà, á dìde. Bàbá á ní ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ, pé aláboyún á ti wọ tiẹ̀ á ti dé ọjà. "Ọ̀pọ̀lọ́" ló ń pè é, nítorí ó ní òun ò mọ orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pe ohun tó ń gbé inú omi tó tún ń gbé orí ilẹ̀. Ọmọ náà, tó ń kúnlẹ̀ kí gbogbo àgbà àdúgbò, ń pe bàbá rẹ̀ ní "Télọ̀" lójú gbogbo ayé. Ìyá rẹ̀ bá a wí títí ó fi sú u.

Ìmọ̀ wíwọn ilẹ̀ ló ń kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó máa ń sọ pé iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń ṣe, pé bàbá òun ń wọn èèyàn, òun ń wọn ilẹ̀. Bàbá rẹ̀ á ní tiẹ̀ ló rọrùn jù, ó ṣe tán ilẹ̀ kì í sanra lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wọ̀n ọ́n tán.

Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ilé tó jẹ́, kí n tó sọ ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù. Bí aláìsàn bá kú níbi iṣẹ́ wa, ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n kọ́ wa láti sọ fún ẹbí rẹ̀: ó kú. A kì í sọ pé ó sùn, torí wọ́n á ní ká jẹ́ kó sùn dáadáa. A kì í sọ pé ó ti lọ, torí wọ́n á bi wá pé ta ló wá mú un. Mo rí ìyàwó kan tó sáré lọ sílé lọ se oúnjẹ wá nítorí nọ́ọ̀sì kan sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ ti rí ìsinmi. Mo kọ́ àwọn ọ̀dọ́ nọ́ọ̀sì tó lé ní ogójì bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ẹ fa àga fún wọn, ẹ sọ ọ́ pẹ́rẹ́, ẹ dákẹ́.

Kíndìnrín ló gbé àbúrò mi dé ilé ìwòsàn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò níbẹ̀, èmi àti ìyàwó rẹ̀ sì ń gba ìjókòó tì í lọ́wọ́ ara wa. Mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní ọjọ́ keje, ara rẹ̀ fúyẹ́. Ó jókòó, ó jẹun, ó ní aṣọ tí wọ́n fi rán kọ́tíìnì wọ́ọ̀dù náà kò dọ́gba. Dókítà ní bó bá rí báyìí títí di Mọ́ńdè, àwọn á jẹ́ kó máa lọ sílé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run títí ohùn mi fi há.

Fúráìdè ọ̀sẹ̀ náà ni ọmọ rẹ̀ yẹ kó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rìnrìn àjò wákàtí méjì lọ síbi adágún omi kan, fún ìdíje àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó ní òun ò lọ. Bàbá rẹ̀ bi í pé bó bá dúró, ṣé ó máa bá òun tọ̀ ni. Àwọn aláìsàn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì lọ.

Àbúrò mi kú láàárọ̀ Sátidé, nígbà tí aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú méjìlá. Èmi ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé bọ̀ pẹ̀lú fúláàsì tíì, jókòó lórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sì lè dìde mọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi sọ fún un. Mi ò lè sọ ọ́."

Mo pe ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì, kò gbé e. Mo mọ̀ pé Kóòṣì wọn máa ń gba fóònù lọ́wọ́ gbogbo wọn kí eré tó bẹ̀rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ ẹlòmíràn ló máa sọ fún un. Mo bá kọ ọ́ sínú fóònù. Mo kọ "Baba re ti ku". Mo wò ó. Mo pa á rẹ́. Mo wá kọ, láìfi àmì kankan sí i gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ṣe ń kọ ọ́ sí fóònù: "Baba ti lo sile." Mo fi ránṣẹ́. Bí a ṣe ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nìyẹn. Kò sí ọmọ kékeré ibẹ̀ tí kò mọ ilé tí à ń sọ.

Kò pé ìṣẹ́jú méjì tí èsì dé. "Olorun seun o Momi. Mo mo pe ko ni doju ti wa. A ti fe bo somi."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, omijé sì bọ́ lójú mi. Mo fi han ìyá rẹ̀. Mo fi han mátírọ̀nù. Mo pe Pásítọ̀ wa, mo kà á sí i létí, mo ní ẹ gbọ́ irú ìgbàgbọ́ tí ọmọ yìí ní. Ó ní òun máa fi ṣe àpẹẹrẹ nínú ìwàásù lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi dùn díẹ̀. Mo ní èmi náà wà lára àwọn tó tọ́ ọ.

Géètì ilé àbúrò mi kì í padé dáadáa. Ó máa ń ha ilẹ̀, ará ilé nìkan ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi èjìká tì í. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, a gbọ́ tó ha ilẹ̀. Ọmọ náà kò wá sí pálọ̀ tí a jókòó sí. Yàrá ìránṣọ ló gbà lọ tààrà. A gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ibẹ̀.

"Télọ̀, Ọ̀pọ̀lọ́ ti dé o. Ipò kejì ni mo ṣe."

Lẹ́yìn náà, a ò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó yọ sí pálọ̀, mẹ́dàlì wà lọ́rùn rẹ̀, ojú ibi tí akoto kẹ̀kẹ́ ti tẹ̀ ẹ́ níwájú orí kò tíì parẹ́. Ó wo àwọn obìnrin tó jókòó. Ó wo ìyá rẹ̀. Ó wá wo èmi.

"Mọ̀mí Àgbà, ṣebí ẹ ní wọ́n ti lọ sílé?"

Mo wo mẹ́dàlì náà.

"Ilé wo?"

Gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó bi mí ní irú ìbéèrè yẹn rí. Ìyá rẹ̀ ló dìde lọ dì í mú.

Mo lọ bá Pásítọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ní kó jọ̀ọ́, kó má fi ṣe àpẹẹrẹ mọ́, mo sì sọ ìdí rẹ̀. Ó ní Ọlọ́run lè lo àṣìṣe wa náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ, mi ò kàn fẹ́ gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn ni.

A sin àbúrò mi. Ọmọ rẹ̀ kò bú mi, kò sì fi ìbínú hàn sí mi. Ohun tó ṣe le jùyẹn lọ: ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀wọ̀ fún mi. Tẹ́lẹ̀, bó bá ti rí mi, ohun tó máa ń sọ ni, "Mọ̀mí Àgbà, kí lẹ sè?", á sì ti máa ṣí ìkòkò kí n tó dáhùn. Ní báyìí, ó ń fi eékún méjèèjì kanlẹ̀, á ní, "Ẹ káàárọ̀, mà," bí ẹni tó ń kí ọ̀gá ilé ìwé, á dìde, á bá tiẹ̀ lọ.

Ó ti báàgì bàtà eré rẹ̀ sábẹ́ tábìlì tí bàbá rẹ̀ fi ń gé aṣọ. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fara ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, táyà ẹ̀yìn sì ń jo díẹ̀díẹ̀ títí ó fi jókòó sórí irin. Ó ku oṣù méjì kó gboyè jáde. Láàárọ̀ ọjọ́ ìgboyèjáde gan-an ni ìdíje tó kẹ́yìn fún ọdún náà bọ́ sí, ní ibi adágún kan náà. Kóòṣì wá sílé. Ọkùnrin bàǹtà-banta kan ni, ó fi fèrè kọ́ ọrùn wá kí ọlọ́fọ̀, ó sì jókòó sórí àpótí kékeré tí àbúrò mi fi ń rán bọ́tìnnì bí ẹni tó jókòó sórí ẹyin. Ó ní èèyàn mẹ́ta ló ń para pọ̀ di ẹgbẹ́ kan. Bí ọmọ wa kò bá sí níbẹ̀, wọn ò ní gba àwọn méjì tó kù wọlé rárá, ọ̀kan nínú wọn sì rèé, bí òkúta ló ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò sáré mọ́, sà. Ó ní ìgboyèjáde pàápàá, òun ò lọ; kí wọ́n fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́.

Ìyá rẹ̀ ló sọ ìdí rẹ̀ fún mi ní kíṣìnnì, ó kọjú sí ògiri. Ọmọ náà ti sọ fún un pé gbogbo ojú ọ̀nà lórí kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ yẹn ni òun fi ń rẹ́rìn-ín. Òun ń rẹ́rìn-ín, òun ń kọrin, bàbá òun sì wà ní òkú. Ó ní bí òun bá tún gun kẹ̀kẹ́ yẹn, ẹ̀rín yẹn ni òun á máa gbọ́.

Mo gbàdúrà. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti kúnlẹ̀, ìbéèrè ọmọ yẹn ni mo ń gbọ́: ilé wo? Mo mọ ìdáhùn rẹ̀, mo ti sọ ọ́ létí ibojì púpọ̀. Bó bá wá jẹ́ pé mo gbà á gbọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, kí ló dé tí ọwọ́ mi kò lè kọ "kú"? Ẹni tó dá lójú pé àbúrò òun wà nílé, kí ló ń bà á lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ onílẹ́tà méjì? Mo máa ń dúró díẹ̀ bóyá màá gbọ́ nǹkan. Lẹ́yìn náà màá ní Àmín, màá dìde lọ fọ abọ́.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo lọ bá a ní yàrá ìránṣọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Orí tábìlì ìgéṣọ ló tẹ́ àwọn àwòrán ilẹ̀ rẹ̀ sí, ó ń parí ìwé iṣẹ́ àkànṣe rẹ̀, ó fi àlùmọ́gàjí bàbá rẹ̀ tẹ ìwé mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má gbé e. Ó fẹ́ kúnlẹ̀. Mo ní kó jókòó. Mo fa àga, èmi náà jókòó.

Mo sọ fún un nípa ìyàwó tó lọ se oúnjẹ wá. Mo sọ fún un nípa àwọn ogójì nọ́ọ̀sì tí mo kọ́. Mo ní mo mọ ohun tó yẹ kí n kọ, mo kọ ọ́ pàápàá, mo sì pa á rẹ́. Mo ní kì í ṣe ìgbàgbọ́ ló jẹ́ kí n kọ "ilé". Ẹ̀rù ló bà mí.

Ó ń yí pẹ́ńsù lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ sọ ọ́ báyìí."

"Bàbá rẹ ti kú."

Ó mi orí, bí ẹni tó ń ka nǹkan tó sì rí i pé ó pé. "Aago mélòó?"

"Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú méjìlá, láàárọ̀."

"Kí ni wọ́n sọ gbẹ̀yìn?"

Kò sẹ́ni tó bi mí rí, mi ò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo ní, "Ó bi mí pé aago mélòó ló lù. Mo sọ fún un. Ó ní, 'Wọn ò tíì bọ́ sómi.' Ó wá dijú."

Ó gbé orí lé tábìlì náà, ó sunkún. Mo ti kọ́ àwọn èèyàn láti dákẹ́ níbẹ̀, mo sì dákẹ́. Nígbà tó gbójú sókè, àmì ṣọ́ọ̀kì bàbá rẹ̀ wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀, èyí tó ti wà lórí tábìlì náà tẹ́lẹ̀.

Ó ní, "Ohun tí mo ń rò lórí kẹ̀kẹ́ ni ohun tí màá sọ fún Télọ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún ni mo fi wọ bàtà, Mọ̀mí. Kóòṣì kà á. Wọn ò fìgbà kan gbà pé mo lè ṣe márùn-ún."

Mo ní ó dára bó ṣe rẹ́rìn-ín. Mo ní bó bá jẹ́ èmi ni mo wà ní ipò bàbá rẹ̀, ibi tí màá fẹ́ kó wà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nìyẹn.

Ó fi pẹ́ńsù sílẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ gbà lóòótọ́ pé wọ́n lọ sílé?"

Bí ẹlòmíràn bá bi mí, mi ò bá ti dáhùn kó tó bèèrè tán. Mo ní, "Mò ń bẹ Ọlọ́run kí n lè gbà á. Lọ́jọ́ mìíràn, mo máa ń gbà á láti àárọ̀ títí di ọ̀sán."

"Títí di ọ̀sán," ó ní. Ẹ̀rín díẹ̀ yọ lẹ́nu rẹ̀. "Ọ̀sán náà ò burú."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ tábìlì, ó wọ́ báàgì náà jáde, ó gbé àga sáàárín yàrá. Ó bu omi wá nínú kọ́ọ̀pù, ó dà á sẹ́sẹ̀ ara rẹ̀. Ó ní kí n bá òun wo aago. Aago ara ògiri ti kú, nítorí náà mo mú aago nọ́ọ̀sì mi jáde nínú báàgì, èyí tí mo fi ń ka bí ọkàn àwọn aláìsàn ṣe ń lù. Mo ní, "Ó yá." Ó jókòó, ó wọ̀ ọ́, ó dìde. Mo ní mẹ́sàn-án ni. Ó ní irọ́ ni, pé mo ti bẹ̀rẹ̀ kíkà kí òun tó fìdí kan àga. A tún un ṣe. Mẹ́jọ. Ó ní Télọ̀ á ti sọ̀rọ̀ aláboyún báyìí.

Ó wọ ìdíje náà. Kóòṣì gba ọkọ̀ kan tó máa gbé e padà tààrà kó lè bá ìgboyèjáde ní aago méjì ọ̀sán. Èmi àti ìyá rẹ̀ lọ jókòó sínú gbọ̀ngàn kọ́lẹ́ẹ̀jì láti aago méjìlá, kí wọ́n má bàa gba ìjókòó lọ́wọ́ wa. Ìyá rẹ̀ gbé ẹ̀wù ìgboyèjáde náà lé ẹsẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tẹ́ ẹ. Àbúrò mi kò fẹ́ràn ẹ̀wù yẹn rí. Ó máa ń sọ pé ẹni tó kọ́kọ́ gé e, télọ̀ tó ní àṣìṣe púpọ̀ láti bò ni.

Fóònù mi gbọ̀n nínú báàgì. Ọ̀rọ̀ tó fi ránṣẹ́ sí mi ní gbogbo àmì ohùn lórí, bí ìwé tí tíṣà kọ:

"Mo ti parí. Mi ò kú. Mò ń bọ̀ ní gbọ̀ngàn. Lẹ́yìn náà, gbogbo wa ń lọ sílé: ilé tiwa o, èyí tí géètì rẹ̀ ń ha ilẹ̀."

Mo fún ìyá rẹ̀ kà. Ó kà á, ó dá fóònù padà, ó tún gbà á, ó tún un kà.

Ó dé nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ipò kọkànlá ló ṣe. Ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ bí òkúta náà jáde nínú omi láàyè, ẹgbẹ́ wọn sì pé. A gbé ẹ̀wù wọ̀ ọ́ ní ẹnu ọ̀nà, sórí aṣọ eré. Nọ́ńbà tí wọ́n fi yíǹkì kọ sí apá rẹ̀ ṣì hàn, ìyá rẹ̀ fi àtàǹpàkò nù ún, kò lọ, ó fi í sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ó gun orí pèpéle pẹ̀lú bàtà eré náà, mo sì rí ìlásítíìkì dúdú láti ibi tí mo jókòó. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀sán ti pọ́n nígbà náà, mo sì wo ara mi wò: mo ṣì gbà á gbọ́.

Nírọ̀lẹ́, ó fi èjìká ti géètì, ó ha ilẹ̀, ó dì í mú kí èmi àti ìyá rẹ̀ kọjá. Mo rò pé ó máa kúnlẹ̀. Kò kúnlẹ̀.

"Mọ̀mí Àgbà, kí lẹ sè?"

Láti aago méjìlá ni mo ti wà ní gbọ̀ngàn. Mo ní, "Mi ò se nǹkan kan."

Ó ní ó kéré tán, mo sọ ọ́ pẹ́rẹ́. Ó bá tiẹ̀ lọ sí kíṣìnnì lọ ṣí ìkòkò wò.